Ewúrẹ́ Ojú Ọ̀nà Ìbà

Ọjọ́ tí ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀, kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Obìnrin tó bá ṣì ń pariwo lé ọkọ lórí, ó ṣì ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀. Tèmi kò pariwo. Ó ká yunifọ́ọ̀mù ọmọ wa, ó tò wọ́n sórí ìwé ilé-ìwé rẹ̀ nínú àpò, ó ní, "Dádì, ilé màmá mi ní Òkukù la ń lọ. Ẹ má tíì wá bẹ̀ mí. Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tí ẹ ó jọ máa jókòó."

Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan wà tí ọtí fẹ́ bayé wọn jẹ́, tí wọ́n máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí kálukú á sọ tẹnu ẹ̀, tí wọ́n á sì máa fi bẹ́ẹ̀ gbé ara wọn ró. Oṣù mẹ́ta ló dá fún mi. Tí mo bá bá irú wọn jókòó fún oṣù mẹ́ta, tí mi ò mu, kí n wá, a ó sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ á máa bá ilé-ìwé lọ ní Òkukù, ó parí.

Inú bí mi. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọdún mẹ́rìnlá, kí wọ́n wá ní kí n lọ jókòó ti àwọn ọ̀mùtí! Mo sọ fún un pé èmi kì í ṣe ọ̀mùtí. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọwọ́ ọ̀tún, torí pé apá òsì ọmọ náà kò tíì san, wọ́n sì jáde ní ilé wa ní Ìkìrun.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Òun ni mo ń bẹ̀rù pé yóò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n sì tètè sọ ti apá ẹ̀, torí tí mo bá fi í sẹ́yìn, mo mọ ara mi, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ilé-ìwé gba ìsinmi, mo fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Òkukù, mo gbé e sẹ́yìn máṣíìnì mi. Nígbà tí a dé ìlú Ìbà, mo yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí létí títì. Mo ra bisikíìtì fún ọmọ, mo ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo mu ife kan. Mo mu èkejì. Ìgbà tí mo mu ẹ̀kẹta, mo rí i pé kò jẹ bisikíìtì yẹn mọ́, ó ń wò mí.

Inú ògógóró ni wọ́n ti ń rẹ egbò àgbo yẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ti pè é ní àgbo, ọkàn wa á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Oògùn kọ́ ni? Èmi tí ẹnikẹ́ni kò rí ní ilé ọtí rí, ọdún mẹ́fà ni mo fi mu oògùn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ò sì ṣe mí lọ́jọ́ kan.

A kò rìn jìnnà sí Ìbà tí mo fi já máṣíìnì sínú koríko ní kọ́nà kan. Apá ọmọ mi kán. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ sáré dé, wọ́n ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ahọ́n mi wúwo lẹ́nu. Ọmọ ló dáhùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di apá kejì mú, ó ní, "Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ ló sá bọ́ sójú títì."

Kò sí ewúrẹ́ kankan. Títì náà mọ́ roro láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ mo gba ewúrẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ mi, mo sì fi àwọ̀ sí i: ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan níwájú funfun. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ìyàwó mi nìyẹn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá tó ń to eegun nìyẹn. Ìyá ìyàwó mi ta ewúrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń sìn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ fojú kan ìran tó fẹ́ pa ọmọ ọmọ àwọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, káfíńtà tí ọwọ́ wọn le bí igi tí wọ́n ń gé, wò mí títí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Tísà, máa dúpẹ́ pé ewúrẹ́ ni. Ká ní ọtí ni, èmi fúnra mi ni n bá fà ẹ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, o ò sì ní rí ọmọ yẹn mọ́."

Eegun náà jọ, àmọ́ apá kò nà tán. Mo mu oògùn mi fún oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo ń sùn sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà náà ni ìyàwó mi ká yunifọ́ọ̀mù.

Mo wá wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò wá wọn. Ìkìrun ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Áńgílíkà ni bàbá mi sọ wá sí, àmọ́ télọ̀ tó wà níwájú ilé wa, Aládùúrà ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbóòórùn ọtí lára mi. Ó mú mi lọ sí ìjọ wọn. Wòlíì wọn gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí débi pé omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì mu kiní kan ní ọjọ́ méjèèje. Nígbà tó di Sunday, wọ́n pè mí jáde pé kí n wá jẹ́rìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irú ìjọ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ bí ẹ̀rí ṣe máa ń rí. Wọ́n kì í jẹ́rìí sí ohun tó kù díẹ̀. Ta ló máa dìde pé, "Ẹ yin Olúwa, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́"? Mo gba makirofóònù, mo kígbe pé, "Mo ti bọ́!" Agogo bú, àwọn màmá yí mi ká, wọ́n ń jó. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tó di Wednesday, mo ti padà sídìí àgbo.

Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún? Èèyàn tó ti jẹ́rìí, báwo ló ṣe fẹ́ padà lọ bá ìjọ pé kí wọ́n bá òun gba ẹ̀rí òun padà? Tí télọ̀ bá rí mi láàárọ̀, á ní, "Ẹni tí Olúwa dá nídè!" Èmi á pa ẹnu dé, má a fi imú dá a lóhùn, "Ùhmm." Wọn ò ṣẹ̀ mí o. Wọ́n gbàdúrà fún mi tọkàntọkàn. Èmi ni mo jẹ́rìí kí ìwòsàn tó dé, mo sì ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ara mi.

Ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Ìnísà ló wà. Bíríkìlà kan ń tún ògiri wa ṣe nígbà yẹn, mo gbọ́ tó ń sọ pé òun ti fi ọtí sílẹ̀, pé àwọn bíi mélòó kan jọ ń ṣe ìpàdé lábẹ́ àtíbàbà kan nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Mo ní, háà, ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ló rán ọkùnrin yìí! Mo tẹ̀lé e.

Alága wọn, dẹ́rẹ́bà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, kí mi káàbọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọmọ ilé ta ni ẹ́ ní Ìkìrun?" Kí ni kí n ṣe? Àgbà ló bi mí. Mo dárúkọ agbo ilé wa. Kíá, ẹnì kan ní àbúrò òun ló fẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹlòmíì ní òun mọ ìyá mi nígbà tí wọ́n ń ta aṣọ. Kí n tó fìdí lélẹ̀ dáadáa, gbogbo ìran mi ti jókòó tì mí lábẹ́ àtíbàbà yẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì pa dà sínú.

Síbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára. Ọ̀kan sọ bí òun ṣe sun ilé mọ́ ara òun lórí níbi tí òun ti ń fi ọtí lójú dáná oúnjẹ. Mo ti ń rò ó pé bóyá n óò lè sọ tèmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ti gbé ike funfun kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, òun àti ife kékeré kan. Kó tó ṣí i, imú mi ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Akọ̀wé ní, "Àgbo ni, Tísà. Ó ń tú ara ká."

"Ọtí ló wà níbẹ̀!"

Alága rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Rárá o. Ọtí la fi sílẹ̀. Àgbo lèyí."

Inú bí mi débi pé mo dìde dúró, mo ń pariwo lé àgbà lórí. Mo ní ṣé orí yín pé ni, mo ní ẹ ń tan ara yín jẹ, mo ní ohun tó bayé mi jẹ́ nìyí, òun náà lẹ tún ń bù fún mi. Wọ́n ń wò mí bíi pé mo ya wèrè. Bíríkìlà náà ń bẹ̀ mí pé kí n fara balẹ̀. Mo fara balẹ̀. Mo jókòó. Ife náà dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì mu ún. Ife méjì ni mo mu nínú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bú.

Oṣù kan ti kọjá. Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè nílé-ìwé wa pè mí sẹ́yìn kíláàsì. Ó ní òun ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kan òun, àmọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kó àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ jọ ní ọjọ́ Saturday, ní aago mẹ́rin, nínú kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ní níbo. Ó ní Òkukù.

Òkukù! Ìlú àna mi! Mo ní o ṣeun, mi ò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sọ pé mi ò lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ti rí àwọn èèyàn yẹn?" Mo ní mo ti rí wọn. Ó ní, "Ṣé wọ́n dáa?" Lọ́jọ́ Saturday, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù. Nígbà tí a dé kọ́nà Ìbà yẹn, mo yíjú sí apá kejì.

Wọn ò ju èèyàn méje lọ nínú kíláàsì náà, gbogbo wọn sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, eékún wọn ga sókè. Ẹni tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

Orí mi o! Ká ní ẹsẹ̀ gbọ́ tèmi ni, n bá ti dé títì. Àmọ́ àṣà ni ẹsẹ̀ mi gbọ́: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì. Màmá nọ́ọ̀sì ní, "Dìde, jọ̀ọ́. A kì í dọ̀bálẹ̀ níbí." Wọ́n wá ka òfin wọn fún mi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi ẹnì kejì ní agbo ilé rẹ̀. Bí bẹ́ǹṣì ṣe tò la ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ọjọ́ orí ṣe tò. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ là ń fi sí. "Ẹ̀kẹrin," wọ́n ní, "àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ọtí ni." Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò wò mí. Ìgbà tó kàn wọ́n, wọ́n sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá àwọn, wọ́n ní kí àkọ́bí wá bu erùpẹ̀ lé bàbá, ọtí ò sì jẹ́ kí àwọn lè dìde lórí àga. Àbúrò àwọn tó jẹ́ obìnrin ló bu erùpẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ni wọ́n ń wí. Mo wà níbi ìsìnkú yẹn, mo rò pé ìbànújẹ́ ló dè wọ́n mọ́lẹ̀. Òjò tó rọ̀ ló mú ẹyẹlé pa pọ̀ mọ́ adìyẹ, èmi àti àna mi la jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé.

Ó wá kàn mí. Mo sọ ti àgbo, mo sọ ti ìyàwó tó kó lọ. Nígbà tí mo dé orí apá ọmọ mi, mo rántí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sọ. Mo ní, "Ewúrẹ́ kan ló já lù wá lójú ọ̀nà Ìbà." Mo tiẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Màmá nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní kí n lọ rí dókítà, pé ẹni tó ti mu ún tó bẹ́ẹ̀ kì í dédé fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lọ. Ojú mi rí màbo. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n níwájú pátákó, mo ń làágùn nínú ọyẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣubú, mo mu ún. Mo padà lọ sọ fún wọn, mo rò pé wọ́n á lé mi. Wọ́n ní, "O ṣeun tó o wá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ibi tí èèyàn ti lè sọ pé òun kò tíì bọ́.

Síbẹ̀, ewúrẹ́ yẹn ń tẹ̀lé mi wọlé ní gbogbo Saturday. Gbogbo nǹkan yòókù ni mo ti sọ, àfi òun. Mo máa ń wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, má a sì fò ó kọjá.

Ní Saturday kan, obìnrin kan tó ń di irun fún àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ní tí òun bá ti mu ún yó, tí oníbàárà bá dé, ọmọ òun ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, "Màmá mi ò gbádùn." Ó ní ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n sọ débi pé òun fúnra òun máa ń gbà á gbọ́. Ó ní, "Mi ò kọ́ ọ. Ó kàn mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan bò mí láṣìírí ni."

Bẹ́ǹṣì tó kàn, tèmi ni. Mo la ẹnu. Mo ní, "Kò sí ewúrẹ́ kankan."

Mo sọ ife mẹ́ta, mo sọ bisikíìtì, mo sọ ọmọ tó jókòó sínú koríko tó ń purọ́ fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú apá kíkán. Mi ò wo fèrèsé. Mò ń gbọ́ tí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń dún. Bíi tẹni tó ti kú ni mo rí lójú ara mi, ẹ̀rù ò sì bà mí mọ́.

Nígbà tí ìpàdé tú, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti dúró dè mí lẹ́nu géètì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbá mi létí ni. Ká ní wọ́n gbá mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní, "Ohun tó o sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo fi sí. Òfin ni. Àmọ́ àwọn obìnrin méjì ń jókòó nílé nísinsìnyí tí wọ́n ń bú ewúrẹ́ tí kò sí." Wọ́n ṣíná sí máṣíìnì wọn. "Gùn ún. Èmi náà ò tíì sọ fún wọn pé mò ń wá síbí. Ká jọ lọ."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ọmọ mi dojú kọ ìwé rẹ̀ lórí ẹní. Ó sáré dìde, "Dádì!" Mi ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo sì ti sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé tí mo bá dìde, irọ́ á tún dé.

Ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi ń dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Mo ta ewúrẹ́ mi," wọ́n tún sọ ọ́, "Mo ta ewúrẹ́ mi mẹ́ta," wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹni tó bínú jù lọ nínú wọn ni ọmọ mi.

"Irọ́ ni!" ó ń kígbe. "Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn, irọ́ ni! Ewúrẹ́ ni! Mo rí i! Ó dúdú, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan funfun!"

Ẹsẹ̀ funfun, èmi ni mo fi sí i. Ọmọ náà ti bá mi tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ọmọdé ló lè ru irọ́ náà ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

Ìyàwó mi dìde, ó ní oṣù mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí ni, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn ni mo ṣì ń lọ kàn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí i díẹ̀, wọ́n tẹ̀lé e wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tiwọn lẹ́nu, wọ́n sì tún tì í.

Mo yíjú sí ọmọ. Mo ní, "Kò sí ewúrẹ́, ọmọ mi. Ìwọ náà mọ̀. Àgbo tí mo mu ni." Ó wò mí títí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nu imú, apá òsì ká mọ́ ọn láyà bó ṣe máa ń ká. Ó wo ilẹ̀kùn tí ìyá rẹ̀ tì, ó wo ìyá-ìyá rẹ̀ tó ń sunkún, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíì má bàa gbọ́.

Ó ní, "Dádì, ṣé mi ò ní máa sọ ọ́ mọ́?"

Mo ní, "O ò ní sọ ọ́ mọ́."

Ó jókòó padà sórí ẹní, ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì sùn lọ síbẹ̀, ojúmọmọ, lórí ìwé rẹ̀.